Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Ẹ̀rọ Ìfami Fi Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Ìwó, ní ọdún mélòó kan kí òmìnira tó dé, nígbà tí àwa ará ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń dìbò yan kánsẹ́lọ̀. Òjò ọdún náà tètè dáwọ́ dúró. Kí ọyẹ́ tó dé rárá ni ewé kòkó ti ń rọ lọ́nà Olúpọ̀nnà, tí àwọn odò kéékèèké tí a máa ń là kọjá lọ́nà oko sì ti di iyanrìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ni mo sì ń ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bi mí léèrè nípa ìjà omi yẹn máa ń rò pé ogun ńlá kan ni. Kì í ṣe ogun. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, títí kan ibi tí àwa fúnra wa ti ṣàṣìṣe.

Lọ́dọ̀ Bàbá Súlè ni mo ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n kéré, wọ́n rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, etí wọn òsì kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́ nítorí ìró díígà lórí òkúta láti ọ̀pọ̀ ọdún. Mùsùlùmí ni gbogbo wa nílé, ṣùgbọ́n bàbá mi fi mí sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi títí mo fi ka ìwé mẹ́fà, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwa agbẹ́kànga fi sọ mí di akọ̀wé. Iṣẹ́ akọ̀wé náà kò pọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni ti okùn. Bàbá Súlè ní okùn gígùn kan tí wọ́n ta ní kókó ní ìgbọ̀nwọ́ ìgbọ̀nwọ́, tí wọ́n sì so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, a ó gbé okùn yìí káàkiri agbo ilé ní Òkè Yangí, àdúgbò wa, a ó sọ ọ́ sínú kànga, a ó sì ka iye kókó tó wà láti ẹnu kànga dé ojú omi. Kí n tó dé, orí ni Bàbá Súlè ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí omi pọ̀ sí. Yangí ló wà lókè, amọ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni òkúta tó ti ń rà tí èèyàn lè fi ọwọ́ ya, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àpáta. Inú òkúta tó ń rà yẹn ni omi òjò ń wọ̀ jókòó sí. Èyí tó bá jókòó síbẹ̀ ni gbogbo àdúgbò máa pín mu títí òjò mìíràn yóò fi dé. Nítorí náà ni Bàbá Súlè ṣe ní òfin tiwọn. Wọn kì í gbẹ́ kànga méjì súnmọ́ra. Tí wọ́n bá ti kan òkúta tó ń rà, tí omi sì ti mù wọ́n dé orókún, wọ́n á dáwọ́ dúró. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn onílé pé kí wọ́n máa fa omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí wọ́n sì bo kànga lọ́sàn-án kí omi lè sun padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka gbogbo rẹ̀ sí wàhálà àgbà.

Kánsẹ́lọ̀ àdúgbò wa nígbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Gbàdàmọ́sí. Ọmọ Òkè Yangí ni wọ́n, wọ́n ní ọkọ̀ akẹ́rù méjì, wọ́n lawọ́, wọn kì í sì í fojú pa ẹnikẹ́ni rẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń wá ìbò, wọ́n ṣèlérí omi ẹ̀rọ, wọ́n sì fẹ́ mú un ṣẹ. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ omi kan sílẹ̀ ní àdúgbò, àwọn fúnra wọn sì ni alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí pinnu pé kí a gbẹ́ kànga ńlá kan ní Ìsàlẹ̀ Yangí, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, kó wọ inú àpáta lọ, kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tó ń mu epo kalẹ̀ síbẹ̀ láti máa fa omi náà lọ sí ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé àwọn òṣìṣẹ́.

Àwa ni wọ́n pè láti gbẹ́ ẹ. Bàbá Súlè rìn yí ibẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó máa jìn jù," wọ́n wí níkẹyìn. "Gbogbo omi tó wà lókè yìí ló máa ṣàn wá síbí."

Èmi ni mo bá wọn sọ ọ́ títí wọ́n fi gbà. Mo ní, "Bàbá, tí àwa ò bá gbẹ́ ẹ, wọ́n á pe àwọn mìíràn láti Ìbàdàn. Wọ́n á gbẹ́ ẹ bákan náà, àwa á sì jókòó máa wò wọ́n."

Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ lo kàwé, Àkànní," wọ́n wí. Ní ọjọ́ kejì a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Inú wa dùn sí iṣẹ́ náà nígbà tó parí. Ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ jáde lẹ́nu páìpù, ìyàwó mi wà lára àwọn tó tò síwájú, mo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mò ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òjò, kò sẹ́ni tó rí àléébù kankan. Òjò ń rọ̀, kànga ń kún, ẹ̀rọ ń fà. Ìgbà tí òjò tètè lọ ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Wọ́n máa ń tan ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ìrun asùbáà, wọn kì í sì í pa á títí oòrùn fi máa wọ̀. Omi ọjà àti ti ibùdókọ̀ nìkan kọ́ ni ó ń fà. Ọkọ̀ tó gbé táǹkì ń wá gbé omi níbẹ̀ lọ sí ibi tí àwọn ọlọ́lá ti ń kọ́ ilé lọ́nà Ilé-Ogbó, omi tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ńtì. Kí oṣù kejì ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ohun tí ìwé mi ń sọ kò jọ ti ọdún tó kọjá mọ́. Kànga tí ojú omi rẹ̀ máa ń wà ní kókó mẹ́rìndínlógún ti lọ sí ogún. Òmíràn kò ní ju omi ẹlẹ́rẹ̀ lọ ní ìdí rẹ̀, kí a sì tó dé ilé tó tẹ̀ lé e ni àwọn onílé ibẹ̀ ti ń fi ìbínú pè wá.

Ìgbìmọ̀ omi ní kí onílé kọ̀ọ̀kan pe agbẹ́kànga kó wá gbẹ́ kànga tirẹ̀ jìn sí i. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí iṣẹ́ ṣe ju ti ìgbàkígbà rí lọ. A ó gbẹ́ kànga kan jìn sí i lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó bá fi di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ti ilé kejì yóò ti gbẹ, àwọn náà yóò sì ránṣẹ́ sí wa. Mo rí i nínú ìwé mi pé bó ṣe ń lọ nìyẹn, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ wà, ọmọ sì ti ń bọ̀ nílé mi.

Mùtíù ló sọ ọ́ di ohun tí a kò lè dákẹ́ lé lórí mọ́. Èmi àti Mùtíù jọ wọ iṣẹ́ ní ọdún kan náà ni. Ó máa ń kọrin nínú kànga, kì í ṣe pé ohùn rẹ̀ dára, ó ní orin ni òun fi ń mọ̀ pé àwa tó wà lókè ṣì ń gbọ́ òun. Kànga kan tí a ti gbẹ́ jìn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yẹn ló tún wọ̀ lọ. Gbígbẹ́ náà ti yọ amọ̀ tó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú kúrò lábẹ́. Èmi ni mo di okùn mú lókè. Mo gbọ́ ìró bí ìgbà tí èèyàn bá da àpò gàrí kalẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kànga ti ya lù ú, mi ò sì gbọ́ orin rẹ̀ mọ́. A gbẹ́ ilẹ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ kí a tó gbé e jáde. A sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, Bàbá Súlè pe gbogbo wa jọ sí iwájú ilé wọn.

"Díígà kankan kò ní wọ kànga mọ́ ní Òkè Yangí títí òjò yóò fi rọ̀," wọ́n wí. "Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ mi."

Ẹnì kan nínú wa bi wọ́n pé kí la ó máa jẹ.

"Àwa tó kù láàyè máa rí nǹkan jẹ," wọ́n dáhùn.

Bí ìdáṣẹ́sílẹ̀ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí pátákó, kò sí ìwọ́de. A kàn gbé díígà wa kọ́ ni. Àwọn tó kọ́kọ́ bínú sí wa kì í sì í ṣe kánsẹ́lọ̀ tàbí ìgbìmọ̀ rẹ̀, àwọn aládùúgbò wa ni. Wọ́n ní a fẹ́ fi òùngbẹ pa àwọn. Ẹni tí ìbínú rẹ̀ le jù ni Ìyá Rábì. Aláró ni wọ́n, ìkòkò aró bíi mẹ́wàá ló wà lẹ́yìnkùlé wọn, aró kò sì ṣe é ṣe láìsí omi púpọ̀. Obìnrin gíga ni wọ́n, ọwọ́ wọn méjèèjì dúdú títí dé ìgúnpá nítorí aró, ohùn wọn sì máa ń dé ilé kẹta láìpariwo. Wọ́n bá Bàbá Súlè lórí ẹní ìrun.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Mo gbọ́ pé ẹ ò gbẹ́ kànga mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni mo pa Mùtíù?"

"Ẹ̀yin kọ́, ìyá," ni Bàbá Súlè wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wo nǹkan kan."

Wọ́n ní kí n mú okùn àti ìwé. A lọ sí ibi kànga Ìyá Rábì, a wọ̀n ọ́n. A lọ sí ti Ìyá Sáńní, aládùúgbò wọn, a wọn ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà Bàbá Súlè ní kí n ka ohun tó wà nínú ìwé, láti ọjọ́ tí a gbẹ́ ti Ìyá Rábì jìn sí i. Mo kà á. Ìyá Rábì kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ìṣirò tó lè rú aláró lójú. Wọ́n gbọ́ ọ dópin.

"Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé èmi ni mo fa omi Ìyá Sáńní gbẹ?"

"Ẹ̀yin fa tiwọn. Ẹni tó wà níwájú fa tiyín. Ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ ń fa ti gbogbo wa."

Ìyá Rábì bojú wo inú kànga Ìyá Sáńní. Ohùn wọn ti rọlẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi ni Ìyá Sáńní," wọ́n wí. Wọ́n lọ sílé, wọ́n sì da ìkòkò aró méje dojú dé lọ́jọ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi àti Bàbá Súlè lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Gbàdàmọ́sí ní pálọ̀ wọn. Wọ́n gbà wá dáadáa, wọ́n ní kí wọ́n gbé obì wá. Lẹ́yìn tí a ti kí ara wa tán, wọ́n wọ inú ọ̀rọ̀ lọ.

"Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ kànga yẹn," wọ́n wí. "Ẹ̀yin lẹ gba iṣẹ́ rẹ̀. Kí ló wá dé nísinsìnyí?"

"Òótọ́ ni," ni Bàbá Súlè dáhùn. "A ṣàṣìṣe. Ẹ bá wa tún un ṣe ni a wá sọ."

"Ṣé kí n lọ sọ fún àwọn ará ọjà pé kí wọ́n má mumi mọ́?"

"Rárá o. Ẹ pa ẹ̀rọ náà fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Kí a fi okùn wọn àwọn kànga kí ẹ tó pa á, kí a tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Tí omi kò bá gòkè, a ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ ò sì ní gbọ́ ohùn wa mọ́."

"Tó bá gòkè ńkọ́?"

"Nígbà náà, a ó jọ dá iye wákàtí tí ẹ̀rọ máa fi ṣiṣẹ́ lójúmọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Gbàdàmọ́sí mi orí. Wọ́n kọjú sí mi. "Akọ̀wé, ìwọ tó kàwé, ọjọ́ ìbò kù díẹ̀. Ẹni tó bá pa omi ẹ̀rọ fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ṣé wọ́n á tún yàn án?"

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá ni.

Nígbà tí a ròyìn fún Ìyá Rábì, wọ́n ní, "Wọn ò lè pa á. Ó dáa. Àwa máa bá wọn pa á."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tó dé, àwọn obìnrin Òkè Yangí ti jókòó yí ilé ẹ̀rọ náà ká pẹ̀lú ìkòkò òfìfo níwájú wọn. Wọ́n tó ọgọ́rùn-ún tàbí kí wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú àwọn Onítẹ̀bọmi. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ dọ̀bálẹ̀ kí wọn.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọjá."

"Padà sílé, ọmọ mi," ni Ìyá Rábì wí. "Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyá rẹ ló ní kí o padà."

Ó padà. Kó tó di ọ̀sán, àwọn obìnrin ọjà dé pẹ̀lú ìbínú, wọ́n ní páìpù àwọn ti gbẹ, ṣé àwọn kò lọ́mọ nílé ni. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ bẹ̀rù, torí ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ di ìjà láàárín òùngbẹ àti òùngbẹ. Ìyá Rábì dìde, wọ́n ṣí ìdérí kànga ńlá náà.

"Garawa yín dà?" wọ́n wí. "Ẹ ju okùn sí i. Èyí tí apá èèyàn bá lè fà, ẹ máa gbé e lọ. A ò pa omi. Ẹ̀rọ la pa."

Báyìí ni wọ́n ṣe fi ọwọ́ fa omi níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìlà náà gùn, ó sì ṣòro, ẹlòmíràn ń ráhùn, ṣùgbọ́n omi mímu àti ti ọbẹ̀ tó wọn. Àwọn ọkọ̀ táǹkì nìkan ni kò rí nǹkan gbé. Wọ́n dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà ní ọjọ́ kìíní, nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọn ò wá mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, a pe lèmọ́ọ̀mù àdúgbò àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí. Lèmọ́ọ̀mù fi ọwọ́ ara wọn di okùn mú, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ń ka kókó, èmi ń kọ ọ́. Omi kànga Ìyá Rábì ti gòkè ní kókó méjì ju ohun tí mo kọ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dákẹ́ lọ. Ti Ìyá Sáńní gòkè ní kókó kan àti ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan kò yí padà rárá, a ò sì mọ ìdí rẹ̀ títí dòní. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún. "Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé omi ń rìn lábẹ́ ilẹ̀," wọ́n wí. "Mi ò rí i rí."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni àwọn akódà, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ìgbà náà, dé. Olórí wọn bèèrè ẹni tó jẹ́ aṣáájú. Ìyá Rábì dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn.

"Èmi ni," wọ́n wí. "Ẹ ní sùúrù kí n gbé ìkòkò mi."

Èmi náà bọ́ síwájú. Wọ́n tì wá mọ́lé títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí lèmọ́ọ̀mù wá dúró fún wa. Kò sẹ́ni tó lù wá. Wọ́n tiẹ̀ fún wa lómi mu. Nígbà tí a jáde, a gbọ́ ìró ẹ̀rọ láti òkèèrè, wọ́n ti tàn án.

Ìgbà náà ni àwọn àgbà àdúgbò ní kí n jáde du ipò kánsẹ́lọ̀. Mo kọ́kọ́ kọ̀, mo ní Bàbá Súlè ló yẹ. Bàbá Súlè ní etí kan kò tó fún ìpàdé. Mo gbà. Mi ò ní ọkọ̀, mi ò ní ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìwé mi ni mo ń gbé kiri láti agbo ilé kan sí èkejì, tí mò ń ka iye kókó fún àwọn èèyàn, tí mò ń sọ fún wọn pé tí mo bá wọlé, ẹ̀rọ máa sinmi, kànga máa sun. Wọ́n ń gbọ́ mi. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n gbà mí gbọ́. Ìṣòro kan wà tí a ti mọ̀: orúkọ àwọn tó ń san owó orí ni wọ́n fi ṣe ìwé ìbò, àwọn obìnrin tó jókòó yí ẹ̀rọ ká kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀. Àwọn ọkọ wọn ló máa dìbò.

Ní bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìbò, ẹ̀rọ dákẹ́. Wọ́n ní ó bàjẹ́, wọ́n ní irin kan nínú rẹ̀ ń bọ̀ láti Èkó. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ pàdé mi lọ́nà mọ́sálásí, ó sì wo ilẹ̀.

"Kò bàjẹ́," ó wí. "Wọ́n ní kí n pa á ni."

Ó pẹ́ kí ohun tó sọ tó yé mi. Ọ̀gbẹ́ni Gbàdàmọ́sí ti gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́. Wọ́n ti rí ohun tí ọjọ́ mẹ́ta ṣe, wọ́n sì ti ṣírò ohun tí ọjọ́ mẹ́wàá máa ṣe. Kànga bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a dìbò, omi ti padà sí ibi tó wà nígbà ọyẹ́ nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé. Àwọn èèyàn ń wẹ̀, wọ́n ń fọṣọ, ara ti tù wọ́n. Nígbà tí mo bá gbé ìwé mi dé, wọ́n á ní kí n jókòó, wọ́n á fún mi ní omi tútù láti inú kànga wọn, wọ́n á sì bi mí pé ṣé kò tíì tó báyìí. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀rọ tí wọ́n pa ló fà á. Wọ́n ní ó dáa, ṣebí Gbàdàmọ́sí ló ni ẹ̀rọ, Gbàdàmọ́sí náà ló sì pa á.

Wọn ò jí àpótí ìbò. Wọn ò da ìwé nù. Mo dúró níbẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n fi kà á tán, mi ò rí ohun tí mo lè pè ní èrú. Mo pàdánù, kò sì jẹ́ díẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó ti fi Èdùmàrè búra fún mi pé tèmi lòun máa ṣe pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àkànní, má bínú," wọ́n wí. "Nígbà tí mo jáde nílé láàárọ̀ yìí, omi wà nínú kànga mi."

Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Rábì. Wọ́n ń ṣa ewé ẹ̀lú lẹ́yìnkùlé, wọn ò gbójú sókè.

"Ohun tí a sọ ló ṣẹ," wọ́n wí. "Ẹlòmíràn ló fi wọlé."

Wọ́n tan ẹ̀rọ ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìbò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, omi ti lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ti yàtọ̀, èyí tí Ọ̀gbẹ́ni Gbàdàmọ́sí kò ṣírò mọ́ ọn. Nígbà àkọ́kọ́, kànga gbẹ, kò sẹ́ni tó mọ ìdí. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo èèyàn ti fi ojú ara wọn rí i pé nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, omi dé, nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, omi lọ. Àwọn tó dìbò fún Ọ̀gbẹ́ni Gbàdàmọ́sí gan-an ló tò lọ sí pálọ̀ wọn. Mi ò sí lára wọn, ẹnikẹ́ni kò sì pè mí. Bàbá àgbàlagbà yẹn ló síwájú.

Ọ̀gbẹ́ni Gbàdàmọ́sí ránṣẹ́ sí èmi àti Bàbá Súlè lọ́jọ́ kejì. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí obì.

"Ẹ mọ̀ pé mo mọ̀," wọ́n wí.

"A mọ̀," ni Bàbá Súlè dáhùn.

"Wákàtí mélòó?"

Ibẹ̀ ni a ti jọ ṣe òfin náà. Ẹ̀rọ yóò máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Yóò máa sinmi lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ àti lọ́jọ́ Àìkú, kí lèmọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ lè máa ránni létí nínú ìwàásù wọn. Ọkọ̀ táǹkì kò ní gbé omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Agbẹ́kànga kankan kò ní kọjá òkúta tó ń rà. Àwọn aláró yóò dín ìkòkò kù títí òjò yóò fi rọ̀. Ìyá Rábì, tí a ránṣẹ́ pè wá síbẹ̀ nítorí àwọn aláró, ní kí wọ́n fi obìnrin méjì sínú ìgbìmọ̀ omi, torí pé obìnrin ló ń ru omi. Ọ̀gbẹ́ni Gbàdàmọ́sí ní àwọn ti gbọ́. Gbígbọ́ náà ni wọ́n gbọ́ ọ mọ. Obìnrin kankan kò jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn títí tó fi túká.

Tí mo bá ń rò ó báyìí, mo máa ń gbìyànjú láti má fi kún un, kí n má sì yọ kúrò nínú rẹ̀. A rí òfin gbà, ó sì dúró fún ọdún púpọ̀. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn tí a fi pa á mọ́, kànga Òkè Yangí kò gbẹ tán. A pàdánù ìbò, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tó dára jù ló ṣẹlẹ̀ sí mi, torí mi ò rò pé èmi náà kò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀rọ nígbà tí ìbò bá súnmọ́. Ìyá Rábì kò padà sí ìkòkò mẹ́wàá mọ́ láéláé. Nígbà tí òjò dé tí wọ́n fẹ́ ṣe aró, àwọn oníbàárà wọn ti lọ sí ibòmíràn. Nínú gbogbo wa, àwọn ló pàdánù jù, wọn kì í sì í sọ ọ́.

Ti Mùtíù ni kò tíì parí. Kò sí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ omi tó lọ kí ìyá rẹ̀. Èmi tí mo di okùn mú, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lọ, mi ò sì jókòó pẹ́. Ìyá náà ti kú báyìí. Gbèsè yẹn kò ní ẹni tí a ó san án fún mọ́.

Òfin náà bàjẹ́ nígbà tí omi ẹ̀rọ ìjọba dé láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ kànga ti tán. Nígbà tí omi ìjọba náà ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ sínú ọgbà rẹ̀. Ó ti pọ̀ ní àdúgbò wa báyìí tó fi jẹ́ pé mi ò lè kà á. Wọ́n ń kọjá òkúta tó ń rà, wọ́n ń wọ àpáta lọ, ẹni tí tirẹ̀ bá gbẹ á tún pè wọ́n padà.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n wá gbẹ́ ọ̀kan ní ilé kejì sí tèmi. Mo fi ọ̀pá mi tilẹ̀ lọ síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí iṣẹ́ náà bọ̀wọ̀ fún mi gan-an, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo bi í pé báwo ló ṣe máa jìn tó.

"Títí a ó fi kan omi ni, Bàbá."

Mo bi í pé ta ni ẹlòmíràn tó ń mu nínú omi náà.

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àgbà ló ń dá mi láàmú. "Bàbá, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi nìkan ni mo mọ̀. Tí èmi ò bá gbẹ́ ẹ, wọ́n á pe ẹlòmíràn."

Mo sọ fún un pé èmi náà wí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, ẹni tí mo wí i fún sì gbà. Mo sọ fún un pé òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ náà, òun ló sì ń dùn mí jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo tíì fi ẹnu mi sọ.